Aago Mẹ́ta ní Èbúté Mẹ́ta

Ọkọ̀ ojú irin kọjá. Fèrèsé gbọ̀n,
àwọn abẹ́rẹ́ inú agolo mílíìkì ń ró woro-woro,
ìwọ náà ju ọwọ́ méjèèjì sókè
bí ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́ àjà.
Àìná, rọra. Irin lásán ni.

Bàbá rẹ ń sùn. Máṣíìnì mi ń sùn lábẹ́ ìró.
Èmi, oorun ajá ni mò ń sùn láti ọjọ́ mọ́kànlélógún,
etí kan nílẹ̀, etí kan ní imú rẹ.

Ìwọ́ lo gbé kọ́rùn wáyé
bí èmi ṣe máa ń gbé tépù kọ́rùn.
Màmá mi ní ká má wulẹ̀ wá orúkọ kiri,
o ti mú tìrẹ bọ̀.
Lọ́jọ́ kejì mo fi tépù náà wọ̀n ọ́:
ogún ínṣì, láti àtàrí dé gìgísẹ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà,
mo fi ibi iye owó sílẹ̀ lófo.

Nọ́ọ̀sì rán èmi náà. Mo bi í pé òwú wo ló lò.
Ó rò pé àwàdà ni.
Rírán yẹn ò gún, ọmọ mi. Mo máa ń mọ̀ bí mo bá jókòó.

Wọ́n wá fi ibi rẹ lé bàbá rẹ lọ́wọ́ nínú ọ̀rá dúdú.
Ó gbé e délé, ó wo ilẹ̀: sìmẹ́ńtì.
Ó wo ẹ̀yìnkùlé: sìmẹ́ńtì, gọ́tà, táǹkì omi Alàgbà Ọdúnlámì.
Ilẹ̀ ti ṣú kó tó rí yẹ̀pẹ̀ tó rọ̀
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, lábẹ́ igi furúùtù tí kò lólówó.
Ìgbakọ ló fi gbẹ́ ẹ.
Ó wọlé pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ní èékánná, kò sọ̀rọ̀, ó bu omi mu.
N ò tíì fi ìgbakọ yẹn bu ọbẹ̀ láti ìgbà náà.
Ibi tí wọ́n bá sin ibi ẹni sí, wọ́n ní ilé ẹni nìyẹn.
Ṣé ọkọ̀ ló ń jí ọ lóru, àbí ilẹ̀ rẹ ló ń pè?

Àná ni ìyá àgbà padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó.
Kànhìnkànhìn tó fi ń wẹ̀ ọ́ ti gbẹ lórí ìṣó.
Lálẹ́, mo wẹ̀ ọ́ fúnra mi. N ò lè jù ọ́ sókè bíi tirẹ̀;
mo jù ọ́ bí ínṣì mẹ́ta, mo sáré hán ọ.
O wò mí bí ẹni pé, ṣé èyí náà ni?

Òtítọ́ kan wà tí n ò sọ fún ìyá àgbà.
Wọ́n ní bí wọ́n bá ti gbé ọmọ lé ẹni láyà, ìfẹ́ á dé wììrì.
Kò dé. Àárẹ̀ ló dé, omi ọyàn ló dé,
àwọn tó ń kí wa kú ewu ló dé, wọ́n jẹ ìrẹsì tán.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ní ìdájí, mo tú ìró,
ìwọ́ rẹ já bọ́ sílẹ̀,
ó gbẹ, ó dúdú, kò tó kóró àgbálùmọ̀,
ni mo bá bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n jà lólè.
Inú àpótí bọ́bìnì ló wà. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èbúté mẹ́ta ni wọ́n fi sọ àdúgbò yìí; n ò rí ẹyọ kan rí.
Tìrẹ ni mo mọ̀: ọyàn ọ̀tún, ọyàn òsì, ẹ̀yìn mi.
Gúnlẹ̀ síbi tó bá wù ọ́.

Ìyá Ṣàkírù wá níjẹta, ó bèèrè búláòsì tí kò tíì lápá.
Ó rí ọ, ó ní kí n má ṣèyọnu.
Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún bèèrè.
O ti sùn báyìí. Orí rẹ wà lórí apá mi ọ̀tún,
apá náà ti kú tipiri. N ò gbọdọ̀ mira.
Ìyá Ṣàkírù, ẹ ní sùúrù:
apá tó wà nílé ò tíì ṣófo.